Abà Tí N Kò Fi Sórí Àwòrán

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, láàárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà, ní ibùdó sójà kan nítòsí Sokodé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyà mi. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí ohun tí àǹtí mi sọ ní Jímọ̀ tó kọjá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni. Iṣẹ́ mi ni láti ya àwòrán ilẹ̀, kí n sì kọ́ àwọn ọ̀gá sójà bí wọ́n ṣe ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ilẹ̀ àti igbó hàn, kí wọ́n lè dán ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe wò kí wọ́n tó jáde. Sìmúlásíọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí abà ṣófo, ni wọ́n ti òfuurufú ya fọ́tò tí mo fi ṣe àwòrán náà. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Kambolé ni mí. Mo mọ̀ pé bí àsìkò ebè iṣu bá dé, abà ni àwọn èèyàn wa ń gbé, àsìkò náà sì ti dé. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀màǹdáǹ, olórí wọn, na ìka sí igbó kan lójú kọ̀ǹpútà, lọ́nà Koussountou, níbi tí abà wa wà. "Ọmọ yunifásítì, ta ló wà níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan, mọ̀n kọ̀màǹdáǹ."

Ó ní, "Àfi ọ̀bọ!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní ìkà nínú. Mo ti fọ́nnu pé àwòrán mi pé, kọ̀màǹdáǹ sì ti yìn mí lójú gbogbo wọn. Ojú tì mí láti sọ pé ó kù síbì kan. Mo ní n ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì ọ̀hún gan-an ni wọ́n lọ yìnbọn ìdánrawò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. "Àǹtí wà lábà o!" Àǹtí tó tọ́ mi dàgbà. Ọta àwọn sójà kan bú gbàù lẹ́yìn ahéré rẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ibi tí mo kùn láwọ̀ ewé, tí mo pè ní igbó lásán!

Àwọn sójà ní ẹ̀rọ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Mo ti fi gbogbo abà sí i báyìí, títí dé ti ìlú Bago, ṣùgbọ́n n kò sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni.

Ní Jímọ̀, àwọn àlejò wá kí àǹtí mi. Ó fà mí mọ́ra. "Àlùhámúdùlílàhí! Bí kì í bá ṣe ọmọ mi yìí tó wà láàárín àwọn sójà, orí mi ni ì bá lọ."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó kọ etí ọ̀tún sí mi: "Kí lo wí?" Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀dọ̀ kọ̀màǹdáǹ ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí ọ̀dọ̀ àǹtí mi? Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́ sí etí kan ṣoṣo tó kù fún un?