Ṣúgà Bàbá Ti Lọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí, níwájú fèrèsé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú, ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín obìnrin kan tó wá gba èsì ọkọ rẹ̀ àti ọkùnrin tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò.

"Mà, ṣé bàbá lo oògùn ṣúgà wọn kí wọ́n tó wá láàárọ̀?"

"Oògùn kẹ̀? Wọ́n ti pa á tì. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, a ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ ló bá wa jó!"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Mà, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Téèyàn ò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ti bàbá ò rí nǹkan tú mọ́. Àsìdì tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ sọ di ṣúgà kàn ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Àìsàn yẹn ò lọ o. Ẹ̀dọ̀ wọn ni kò lè bọ́ wọn mọ́."

Ẹ̀dọ̀ wọn ni kò lè bọ́ wọn mọ́. Mo ti ṣe ìtọ́jú aláìsàn títí dé ojú ikú, n kò sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin náà di irin fèrèsé mú. "Wọ́n ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́. Ààwẹ̀ ìdúpẹ́, ọjọ́ mẹ́ta. Òní ló pé méjì."

"Ẹ pè wọ́n, mà! Kí wọ́n jẹun báyìí, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn."

Ó tẹ ọkọ rẹ̀ láago. "Dádì, ẹ jẹun. Rárá, ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà sí i, ẹ ṣáà jẹun!"