Àdúrà Tí Alága Ní Kí Wọ́n Gbà fún Inú Mi

Àbúrò yín purọ́ mọ́ mi, Àǹtí Fọláyan! Akínjídé ọkọ mi, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, dìde ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún ìyàwó òun, kí Ọlọ́run ṣí i ní inú, ó sì mọ̀, ó mọ̀ dájúdájú, pé kò sí nǹkan kan tó ṣe mí! Dókítà ti sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, Màmá Bámiṣayọ̀ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi lẹ́yìn kí n pọ̀n ọ́n, ọmọ náà tọ̀ sí mi lára, gbogbo wọn sì ń pariwo pé ó ti dé! Kí ló dé? Ìtọ̀ ló dé!

Ẹ jókòó, Àǹtí, ẹ má tíì gbé àwo kankan. Mo mọ̀ pé àwọn ará ìpàdé wà ní pálọ̀, mo mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ìkòkò kan kò ní jáde nílé ìdáná yìí lónìí tí ẹ ò bá gbọ́ tẹnu mi.

Kí ni dókítà wí? Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Dókítà Ummulkhulthum, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ní ilé ìwòsàn tí a lọ ní Wuse, yẹ̀ mí wò, ó ní ara mi dá ṣáṣá. Ó wá yíjú sí àbúrò yín, ó fi Haúsá kí i, ó ní, "Sànnu, Ọ̀gá, ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ wà." Ó ní àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó, èyí tó sì wà níbẹ̀ ń wọ́sẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi ni mo fi ìyẹn kún un! Ó ní ọ̀rá tó yí ikùn po kì í jókòó lásán, ó máa ń sọ họ́mọ̀nù ọkùnrin di ti obìnrin, ti ọkùnrin á wá máa dín kù. Ó ní ooru tó há sáàárín itan tó sanra náà ń da àtọ̀ láàmú. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin tó sanra ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó sọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó ti ṣe tiwa.

Ẹ mọ ohun tí àbúrò yín bi í? Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù tí òun lè gbà, kí òun má bàa fi oúnjẹ sílẹ̀? Kai! Dókítà ní kó má dán an wò, abẹ́rẹ́ yẹn gan-an lè dá àtọ̀ dúró pátápátá. Kó dín oúnjẹ kù, kó máa rìn, kó ní sùúrù oṣù díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan yí padà.

Ẹ ní kí ni? Ta ló ń se oúnjẹ fún un? Èmi ni, mi ò sẹ́! Ṣùgbọ́n gbogbo ìkòkò tí àwọn obìnrin gbé wá tó tò kalẹ̀ yìí ńkọ́? Alága gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó bá fo ti ẹnì kan, ìjà dé. Ìyá yìí bu iyán, tọ̀hún bu èyí tó jù ú lọ, "Alága, àbí ẹ ò fẹ́ràn wa ni?" Àwọn tó ń gbàdúrà kí inú mi ṣí, àwọn náà ló ń fi iyán dí ọ̀nà! Ẹ wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín o, àbúrò yín kúkú ni.

Mi ò bínú sí ikùn yẹn, Àǹtí. Òun ni mo fi ń ṣe ìrọ̀rí tí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Irọ́ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń wo ikùn mi kí wọ́n tó kí mi! Ó ní ojú ló ti òun. Ojú tì í, ó wá fi ojú tèmi bo tirẹ̀? Ó ní alága kò lè sọ irú ẹ̀ ní gbangba. Ṣé ìyẹ̀wù ni wọ́n ti gbọ́wọ́ lé mi lórí ni?

Háà, ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ káàbọ̀, Alága. Ẹ má wo ìkòkò, ojú mi ni kí ẹ wò. Ebi ń pa àwọn èèyàn yín? Ó dáa. Ẹ padà síwájú wọn, kí ẹ sọ òtítọ́, ká tó bu oúnjẹ. Àǹtí yín rèé, ẹ bi wọ́n bóyá mo ṣàṣejù. Ẹ rí i? Wọn ò gbè yín!

Ó ti lọ. Ẹ ká kọ́tìnì yẹn sókè díẹ̀, Àǹtí. Ó ń wúkọ́. Ó ti dìde dúró. Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́:

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi létí. Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ẹ gbàdúrà fún ìyàwó mi. Kò sí ohun tó ṣe ìyàwó mi. Èmi ni. Dókítà ní sísanra mi ló ń dá wa dúró, mo sì ti mọ̀ kí n tó la ẹnu mi lọ́jọ́ náà. Mo purọ́ mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kó kúnlẹ̀ níwájú yín. Ẹ má bínú. Jemimah, níbi tó o wà nílé ìdáná yẹn, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."