Ojú Obìnrin Onílẹ̀kùn

Ọmọ mi, jókòó. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, èmi náà kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

O ṣáà mọ fíìmù kékeré tí ìyá rẹ ṣe. Obìnrin kan gbé ilẹ̀kùn rù gba òpópónà tó dá páropáro. Ó nà án ró sáàárín títì, ó kàn án, ilẹ̀kùn ṣí, òjò sì ń rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí títí tó fi wọlé. Nítorí ojú tí wọn kò rí yẹn ni àwọn tó ń kó fíìmù àtijọ́ jọ ṣe ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní iwin ni, àwọn kan ní ikú ni. Wọn ò mọ̀ pé àlùmọ́gàjí mi ló ṣe é.

Ìyá rẹ yíjú padà lọ́jọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kó wọlé, ló bá bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá mi tó ń ya fíìmù náà fárígá, ó ní kí n gé ibẹ̀ dànù. Mo gé e, ṣùgbọ́n àwa tá à ń gé fíìmù kì í da àjákù nù. Inú agolo bísíkíìtì ni mo fi í sí. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ìyá rẹ kú kí o tó gbọ́n. Nígbà tí ọ̀gá mi náà lọ, fíìmù di tèmi. Olówó kan ní òun á rà á bí mo bá lè búra pé ojú obìnrin náà kò sí níbì kankan. Mo búra. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo kan ilẹ̀kùn mi. O ní iná tó jó ilé yín kò ṣẹ́ fọ́tò ìyá rẹ kankan kù.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú wọn lásán.”

Mo ní kí o dúró kí n wá a wò. Ìwọ ń dúpẹ́ ní pálọ̀, èmi ọ̀dájú gbé agolo náà wọ ilé ìdáná, mo ṣáná sí àjákù náà. O béèrè ohun tó ń rùn. Mo ní ọbẹ̀ mi ló jóná, mo sì tún sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn nílé yìí kí ara mi má bù máṣọ. Bí mo bá ṣí i, ẹ̀yìn ìyá rẹ ni mo ń rí. Kò yíjú sí mi rí.

Bí o bá lè forí jì mí, má tíì sọ ọ́. Gbọ́ tán ná. Eyín rẹ̀ ní èéjí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan máa ń jìn tó bá rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú un yíjú lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ kan ké lẹ́yìn kámẹ́rà, ó fẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Ìwọ ni ọmọ náà.