Ojú Ewé Tí Mo Gé Nínú Ìwé Ìrìbọmi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún tí ogun òyìnbó parí, n kì bá sì sọ ọ́ títí láé, bí kì í bá ṣe ìyá arúgbó kan tó wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Nígbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́, a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Àgbádárìgì níhìn-ín. Ẹlẹ́sẹ̀-lásán làwọn èèyàn ń pè wá. A bọ́ bàtà, a bọ́ kóòtù, a ró aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ní a ò jẹ́ orúkọ òyìnbó mọ́. Yanrìn ọ̀sán ń jó wa lẹ́sẹ̀ débi pé ṣe la ń fò, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ó dun òun? Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Télọ̀ tó ń rán kóòtù ní Ìbẹ̀rẹ̀kò ń ṣépè lé wa.

Mautin, ọmọ abúlé Imeke, ni olórí wa. Tíṣà ni nílé ìwé ìjọ. Lójú gbogbo ìjọ ló ti sọ fún alùfáà pé òun kì í ṣe Sámúẹ́lì mọ́. Mo jowú ìgboyà rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Èmi náà fẹ́ ṣe ohun tó ju tiẹ̀ lọ. Mo rò pé bí orúkọ òyìnbó mi bá ti kúrò nínú ìwé ìrìbọmi, ó ti kúrò lára mi nìyẹn. Ẹ wo irú èrò bẹ́ẹ̀! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ bá wọn to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ yàrá alùfáà, mo fi abẹ gé ojú ewé náà, mo ká a sínú fìlà mi.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ewé kan ti yọ, Mautin nìkan ni wọ́n pè, torí òun ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìjọ. Ó ní òun kọ́. Alùfáà gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò gbọ́dọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ àfi tó bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú ìjọ. Mautin ní òun ò ní tọrọ àforíjì ohun tí òun ò ṣe. Ó kó lọ sí Àjàṣẹ́. Èmi ni mo bá a gbé àpótí dé etí ọ̀sà. Mi ò jẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eyí tó ń dùn mí jù. Ohun tá a jà fún ti bọ́ sí i. Alùfáà fúnra rẹ̀ ti ń wọ agbádá, orúkọ ilé sì ni wọ́n fi ń ṣèrìbọmi fáwọn ọmọ wa. Wọ́n ń yìn mí pé mo wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìjọ. Ọwọ́ mi ni ìwé ìrìbọmi wà báyìí.

Ìyá Mautin ló wá bá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ ṣáà lọ̀rẹ́ ẹ̀. Bá mi kọ̀wé sí i. Ní kó wá kúnlẹ̀ fún wọn, bí kì í tiẹ̀ ṣe òun ló ṣe é. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sin mí kó má sí níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Màá kọ ọ́."

Nígbà tó lọ, mo ṣí ìwé ìrìbọmi náà. Sámúẹ́lì, orúkọ Mautin, wà níbẹ̀ digbí, lójú ewé tó tẹ̀ lé èyí tí mo gé. Kò sẹ́ni tó wò ó láti ọjọ́ yìí wá. Tèmi wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Ìyàwó mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé alùfáà ni kí n gbé ewé náà lọ fún, àbí ìyá yẹn ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún? Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ ohun tí mo kọ sí ọmọ òun. Kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá ṣáà ti kà sí i létí ni yóò gbà gbọ́.