Kókó Tí Kò Dun Ọmọ Mi Rí

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan ké e. Halelúyà! Ọba tó rí mi níbi tí mo sá pamọ́ sí, tó sì ṣàánú mi, ìwọ ni mo wá kí lówùúrọ̀ yìí. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́, tó ń ti Aguidi wá, tó ń ṣe gàrí. Ẹ ó rántí pé mo ti dúró níbí yìí rí, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọmọ. Mo jẹ́rìí pé kókó kan yọ sí apá ọmọ mi, pé a gbàdúrà sí i, pé ìrora sì ti kúrò. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ jó. Ẹ̀rí yẹn ni mo wá gbà padà lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àbẹ̀kẹ́. Kókó náà yọ lókè ìgúnpá rẹ̀ òsì, kò ju ẹkùrọ́ kan lọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á máa yí kiri lábẹ́ awọ. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ní bó bá jẹ́ ọwọ́ ayé, mo mọ ilé tí n ó gbé e lọ, mo sì gbé e wá síbí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbàdúrà, tí a fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta mo tẹ kókó náà, mo bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní rárá. Inú mi dùn débi pé n kò béèrè ohun mìíràn. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi fi máa dé, mo ti wà lórí ìdúró níwájú yín.

Ṣùgbọ́n kókó náà kò lọ, ẹ̀yin ará. Ó ń fẹ̀ ni. Apá wú, awọ ibẹ̀ ń dán. Kí wá ni mo ṣe? Mo mú sùtánà ọmọ mi lọ bá télọ̀, mo ní kó fi kún gígùn ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi dé ọrùn ọwọ́. Àwọn kan nínú yín yìn mí pé mo ń kọ́ ọmọ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mo gba ìyìn náà. Ìtìjú mi ni mo fi aṣọ funfun bò. Mo ń rò ó pé bí ẹ bá rí apá yẹn, ẹ ó sọ pé Ọlọ́run kò ṣe é, tàbí kí ẹ sọ pé èmi ni mo purọ́, n kò sì mọ èyí tí mo lè gbà nínú méjèèjì. Àwọn àgbà ní olójú kì í la ojú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Èmi la ojú mi sílẹ̀ kedere. Nígbà tó yá, awọ là. Ẹnu egbò náà kéré, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti jẹ lọ jìnnà. Àbẹ̀kẹ́ kò lè na ọwọ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí olórí abúlé fi kéde pé àwọn olùwádìí ń bọ̀ láti yunifásítì, àwọn tó ń wádìí àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, pé wọn yóò yẹ ara àwọn ọmọ iléèwé wò ní ekólù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, n kò jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ekólù. Mo mú un lọ sí odò tí a ti ń fọ ẹ̀gẹ́, omi kan tó dúró sójú kan, tí koríko yí ká.

Ẹni tó ń sá fún Ọlọ́run, níbo ló ń sá lọ? A kò tíì fọ apẹ̀rẹ̀ kan tán tí àwọn mẹ́ta fi sọ̀kalẹ̀ wá sétí omi, bàtà rọ́bà dé wọn lórúnkún, ìgò kéékèèké lọ́wọ́ wọn. Àwọn olùwádìí kan náà ni. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wà lékólù, wọ́n ń wo ara ọmọ. Àwọn wọ̀nyí wá bu omi. Mo sá fún àwọn tó ń wo ènìyàn, mo bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wo omi.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣáájú wọn, dókítà ni. Ó kọ́kọ́ fi èdè Gùn kí mi. Nígbà tó gbọ́ bí mo ṣe dáhùn, ó yí i sí Nàgó, èdè wa. Ó bu omi, ó kọ nǹkan sínú ìwé kàyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó ń wo ọmọ mi. Ọwọ́ kan ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń fọ ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ aṣọ kejì ti tutù, egbò sì ti ń hàn lára rẹ̀. Dókítà bi mí pé kí ló ṣe apá ọmọ. Mo ní Ọlọ́run ti wò ó sàn. Kò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ọmọ mi, ó bi í bóyá ó ń dùn ún.

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Kò dùn mí."

"Nígbà tó kọ́kọ́ yọ ńkọ́?"

"Kò dùn mí rí, táńtí."

Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ̀yin ará. Kò dùn ún rí! Èmi tí mo dúró níbí, tí mo ní ìrora ti kúrò, ta ló sọ fún mi pé ìrora wà? N kò bi ọmọ náà léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Dókítà wò mí lójú. Ó ní, "Ìyá, bí kò ṣe dùn ún yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àìsàn kan wà tó ń jẹ ara láìdunni. Bí a bá tètè mú un, oògùn ń wò ó. Bí a bá pẹ́, apá yìí lè má ṣeé lò mọ́ láéláé." Ó fi òwú nu inú egbò, ó fi í sínú ìgò, ó ní wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní lọpitáàlì Pobè, kí n gbé ọmọ lọ síbẹ̀ kíákíá. Mo bi í pé ta ló rán àìsàn náà sí ọmọ mi. Ó ní kò sẹ́ni tó rán an, pé kòkòrò kan ni, ó sì fẹ́ràn irú omi tó dúró báyìí. Mo ní báwo ló ṣe wá wọ ara rẹ̀? Ó ní àwọn náà kò tíì mọ̀ dájú, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń bu omi. N kò tíì rí ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ rí tó la ẹnu sọ pé òun kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀wé sọ pé òun kò mọ̀. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan, èmi ni mo ti jẹ́rìí.

Mo sáré wá sí Sakété níbí, mo wólẹ̀ níwájú Bàbá Olùṣọ́, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n ní, "Ọlọ́run kò bẹ̀ ọ́ pé kí o bá òun parọ́. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Gbé ọmọ lọ. Bí ẹ bá bọ̀, kí o wá sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an."

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ń bẹ̀rù pé wọn yóò gé ọwọ́ ọmọ òun. Ó tẹ̀ lé wa síbẹ̀síbẹ̀. Alùpùpù zémíjàn gbé wa dé Sakété, táàsì gbé wa dé Pobè. Ní lọpitáàlì, èsì òwú yẹn ti dé ṣáájú wa. Ohun tí dókítà fura sí náà ni. Oníṣègùn tó gbà wá wo apá yẹn títí. Ó ní, "A kò ní gé e. Ẹ ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì pẹ́ jù." Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Àbẹ̀kẹ́ fi lo oògùn, lójoojúmọ́. Wọ́n bó awọ díẹ̀ ní itan rẹ̀, wọ́n fi lẹ apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ náà fún un, kó má baà ká gbẹ. Ọmọ mi ké tòò. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ dùn ún, ẹ̀yin ará. Mo dì í mú, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́ pé ó ń dùn ún.

Ṣùgbọ́n ohun kan kù. Ibùsùn kẹta sí tiwa, ta ni mo bá níbẹ̀? Ìyá Felisí, arábìnrin wa, ẹni tó máa ń jókòó sí ìlà kejì níbẹ̀ yẹn. Kókó kan ti wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí. Kò dun òun náà. Ó gbọ́ ẹ̀rí mi, ó ṣe àmín, ó padà sílé lọ dúró. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé Pobè, àìsàn náà ti jẹ ẹ́ dé egungun. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ̀rí rẹ ni mo dúró lé. Bí o bá délé, sọ ọ́ bó ṣe rí fún wọn. Má fi ohunkóhun pamọ́."

Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ rántí rẹ̀ nínú àdúrà, kí ẹ sì lọ wò ó. Ẹ dárí jì mí, nítorí tirẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùwádìí tí wọ́n fi bàtà rọ́bà tẹ ẹrẹ̀ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Olùṣọ́. Ìwọ tí kókó wà lára rẹ lábẹ́ aṣọ funfun yìí, tó o ní kò dùn ọ́, tìtorí Ọlọ́run, má dúró dìgbà tí yóò dùn ọ́. Gbàdúrà, kí o sì dìde. Bí ojú bá ń tì ọ́, wá bá mi lábẹ́ igi ìta yẹn bí a bá ṣe tán. Mo mọ ọ̀nà Pobè, n ó bá ọ lọ.

Àbẹ̀kẹ́, dìde. Ká ọwọ́ aṣọ rẹ sókè, kí wọ́n rí àpá náà. Gbé ọwọ́ òsì rẹ sókè. Ẹ wò ó, kò na tán, ibi tó mọ nìyẹn. Ẹ bá a gbé tiyín sókè, kí a jọ dúpẹ́.