Ìwé Kan Péré Tí Mo Yọ Nínú Fáìlì Làmídì

Wọ́n gbé mi sórí òṣùwọ̀n lánàá. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀n lẹ́wọ̀n yìí, wọ́n fẹ́ mọ bí okùn tó máa pa á ṣe máa gùn tó ni. Èmi àti bàbá kan tó wà ní yàrá kejì ni wọ́n jọ wọ̀n. Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣàánú mi o. Èmi náà ò ṣàánú ẹni tí mo pa, bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni.

Làmídì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Mushin. Ọjọ́ kan náà ni ìjọba gbà wá síṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Yaba. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo la jọ jókòó sí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì pe orúkọ tiẹ̀ ṣáájú tèmi. Ìyẹn nìkan ló fi jù mí lọ. Bó ṣe jáde tòun ti ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n mi lòun láti ọjọ́ náà lọ, pé ẹni tó bá juni lọ, ó lè juni nù. A rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọ́fíìsì sì bá mi pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pè é. Ẹnu mi ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń ta.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà yẹn, owó epo ń wọlé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ halẹ̀ títí ìjọba fi gbà láti fi kún owó oṣù wa. Kówó ọ̀hún tó kàn wá lọ́wọ́ rárá, àwọn onílé ti fowó lé owó ilé. Wọ́n wá ní àwọn máa to gbogbo òṣìṣẹ́ sí ìpele tuntun. Ní ẹ̀ka tiwa, àyè kan ṣoṣo ló wà lókè, ẹni tó bá pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ín. Bí a bá tẹ̀ lé nọ́ńbà ìwé ìgbanisíṣẹ́ wa, Làmídì ni. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn ṣì ń bá ìjọba dúnàá-dúrà lórí àyè míì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró dè wọ́n?

Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì. Ọ̀gá wa ní kí n kó fáìlì gbogbo wa wá. Mo ṣí ti Làmídì, mo rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ìwé kìíní nínú fáìlì. Èmi fúnra mi ni mo fi báírò pupa kọ nọ́ńbà sí i lórí. Mo bá yọ ọ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni, n óò dá a padà.

Nígbà tí wọn ò rí ìwé yẹn, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ṣírò ọdún rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìwé tí wọ́n fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Èmi gòkè. Làmídì bọ́ sábẹ́ àwọn ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ìwé òun. Mo bá a wá a! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń tú kọ́bọ́ọ̀dù, tí mò ń làágùn, nígbà tí ìwé wà nílé mi ní Surulere. Mo ní kó yé pè mí lórúkọ lẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá ni kó máa pè mí, ó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ ò ká owó ilé mọ́, ó gbé maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ wá pé kí n rà á. Mo ná an ní ìnákúnàá títí omi fi lé ròrò sí i lójú, mo rà á fún ìyàwó tèmi.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò dáná sun ìwé yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ọ létí pé a kì í ba ìwé ìjọba jẹ́. Mo lè ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́, mi ò lè sun ìwé. Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì náà, nítorí pé ó ní kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Làmídì yà sílé mi. Ìyàwó mi wà ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìyàwó òun gbàgbé àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wá kọ́kọ́rọ́, mo wọ yàrá lọ láti ronú irọ́ tí n óò pa. Mo ti gbàgbé pé òun ló ni maṣíìnì kí n tó ni ín. Mo gbọ́ bó ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dúrọ́ọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣí. Nígbà tí mo jáde, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò lù mí, kò pariwo. Ó jáde, ó kọrí sí Yaba, mo ń tẹ̀ lé e, mò ń bẹ̀bẹ̀. A gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá títí a fi dé ojú irin. Rélùwéè ń bọ̀, èrò ti dúró, wọ́n ń ti ara wọn. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí mi.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ fúnra rẹ ni kó o dá a padà sínú fáìlì," ó ní. "Mi ò ní fẹjọ́ rẹ sùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́."

Mo ní, "Kí ni?"

"Dúró láàárín ọ́fíìsì, lójú gbogbo wọn, kó o pè mí ní Ẹ̀gbọ́n."

Ó ti dárí jì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ní kí n fi san án. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pọ̀ jù fún mi. Mo já ìwé gbà, ó ya sí méjì, mo sì fi èjìká tì í síwájú rélùwéè. Ó pe orúkọ mi. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Wọ́n ní ńṣe ló bẹ́ síbẹ̀, pé ìtìjú iṣẹ́ ló pa á. Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní Mushin. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sọ fún un pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́tà kan dé orí tábìlì mi. Ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti fẹnu kò: àyè kejì ti wà lókè fún ẹ̀ka wa. Ìwé tí ẹgbẹ́ fi jà fún un wà lẹ́yìn rẹ̀. Làmídì ló kọ ọ́, kí wọ́n tó tò wá sí ìpele rárá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kan náà lòun àti àbúrò òun wọṣẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kóun nìkan gòkè. Orúkọ mi ló tẹ̀ lé e. Mo fi báírò pupa kọ nọ́ńbà sí i, mo fi sínú fáìlì rẹ̀, mo pa fáìlì dé.

Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá dé. Ìdajì ìwé ni wọ́n bá nínú ìkúùkù òkú, nọ́ńbà pupa wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé ọwọ́ mi ni, wọ́n bá wá tú ilé mi. Ìdajì kejì wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé mi. Mi ò tíì lè sun ún. Wọ́n tò ó pọ̀ lórí tábìlì adájọ́, ó ṣe rẹ́gí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ ìjọba, ẹ máa jà fún owó oṣù yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá mú tí kì í ṣe tìrẹ, má sọ pé ọ̀sẹ̀ kan. Dá a padà lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá sì ṣáájú rẹ, fi ẹnu rẹ pè é bẹ́ẹ̀, kò ní já ẹran kankan lára rẹ. Èmi ti rí ibi tí agídí ń gbé èèyàn lọ.

Wọ́dà wá láàárọ̀ yìí. Orúkọ méjì ló wà lórí ìwé ikú tó kà fún wa, tèmi ló kọ́kọ́ pè. Bàbá tó wà ní yàrá kejì gbọ́ ọ, irun orí rẹ̀ ti funfun. Láti ìgbà náà ló ti ń kan ògiri tó ń rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí.