Abẹ́rẹ́ Tí Ìyàwó Mi Kò Mọ̀ Nípa Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi, èmi ni mo sì fà á. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Mile 12. Lọ́dún kejì tí mo fẹ́ Risikat, okun kúrò lára mi. Mi ò lè ṣe ojúṣe ọkọ mọ́. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń dá ìjà sílẹ̀ kó má baà sún mọ́ mi.

Mo yọ́ lọ bá dókítà kan ní Ogudu. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní họ́móònù ọkùnrin ti lọ sílẹ̀ lára mi.

Wọ́n ní, "Alájì, abẹ́rẹ́ wà tó máa dá okun yín padà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbà á, ó lè má jẹ́ kẹ́ ẹ lè fún obìnrin lóyún. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ? Oògùn mìíràn wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ ni."

Mo ní, "A ti bí mẹ́ta, dókítà."

A ò tíì bí ẹyọ kan. Mi ò kàn fẹ́ èyí tó máa pẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín padà sínú ilé wa ní Ikosi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dá a dúró, ẹ̀rù á bà mí, mo tún máa lọ gbà á.

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Risikat ní àgàn. Ọjọ́ kan tí wọ́n sọ ọ́ lójú mi, mò ń jẹun lọ ni.

Nígbà tí ọsíbítù tí Risikat ń lọ nítorí ọmọ ní kí ọkọ wá ṣe àyẹ̀wò, mo pariwo mọ́ ọn: "Ṣé o rí àìsàn lára mi ni?" Ńṣe ló kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí.

Ní báyìí, wọ́n fẹ́ la inú rẹ̀ wò láti mọ ìdí tí kò fi lóyún. Lánàá, ó gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Alájì, mo ti jẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ jù."

Mo fọwọ́ sí i.

Mo ti dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Dókítà ní ara mi lè padà sípò, ṣùgbọ́n àwọn ò lè sọ ìgbà tó máa jẹ́.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọkọ yín ni, báwo lẹ ṣe máa fẹ́ kó sọ ọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ dá mi láre. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ ni mi ò rí.